Ẹ̀gbọ́n Baba Inú Dígí

"Ẹ tún un sọ, Ìyá Àgbà. Ẹni ọdún mélòó ni yín?"

"Ẹni ọgọ́ta ọdún."

"Ta ló dàgbà jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí?"

Ìyá Àgbà fún ẹnu pọ̀ bí ẹni tó gé orógbó jẹ. Ìbídùn rọra fọwọ́ kàn án lápá. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ìlà tí wọ́n tò sí ti ń sún mọ́ ilẹ̀kùn Ilé Ìrántí. Oòrùn ọ̀sán ń jó gbogbo wọn látàrí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ ṣíji bo ojú, nítorí àwòrán Olórí wà lókè ilẹ̀kùn, wọ́n sì ní ẹni tó bá bo ojú níwájú rẹ̀ ní nǹkan tó ń fi pa mọ́.

"Olórí Ọdẹ́yalé ló dàgbà jù," ni ìyá arúgbó náà wí níkẹyìn. "Òun ló bí Lámurúdu, òun ló kọ́ Odùduwà ní ìrìn. Ó tán àbí ó kù?"

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ rọra."

Lára ògiri, aláàmù kan gbé orí sókè. Kì í ṣe aláàmù ẹlẹ́jẹ̀ o. Irin ni. Ìjọba ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, irú rẹ̀ sì wà lára gbogbo ògiri nílùú Òkè-Ọ̀sà. Bí ọ̀rọ̀ tí òfin kò fẹ́ bá bọ́ sí i létí, á mi orí. Bó bá mi orí tó dákẹ́, ìkìlọ̀ ni. Bó bá ń mi orí tí kò dákẹ́ mọ́, kí ẹni tó sọ̀rọ̀ yáa máa retí ọkọ̀ funfun.

Èyí mi orí díẹ̀, ó dákẹ́. Ìbídùn mí kanlẹ̀.

"Ẹnu yín á kó bá wa lónìí," ló wí, ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Bí ohùn rẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn. Lẹ́sẹ̀ ìyá yìí ló ti kọ́ ìwé, lẹ́sẹ̀ rẹ̀ náà ló ti kọ́ ìṣirò. Kò fẹsẹ̀ tẹ ilé-ìwé rí, nítorí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí aláàmù bá òun tọ́ ọmọ. Bí èèyàn bá ti pọ̀ níwájú rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ á di òkúta.

Ọkùnrin kan tó tò sẹ́yìn wọn rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ni; abẹ́rẹ́ àti òwú ṣì wà láyà ẹ̀wù rẹ̀ níbi tó fi wọ́n há sí.

"Ìyá, ẹ kú ìdúró o. Ẹ̀yin náà wá dúpẹ́ ọdún ni?"

"A wá dúpẹ́ ni. Wọ́n ní mo ti padà di ẹni ọgọ́ta."

"Ẹ kú oríire! Èmi náà rèé. Ó ku díẹ̀ kí n pé àádọ́rin, ẹ̀gbà ọwọ́ mi ní irọ́ ni, ó ní kí n padà sẹ́yìn. Ọmọ yín rèé?"

"Ọmọ-ọmọ mi ni. Bàbá rẹ̀ ni mo bí, ó ti ṣaláìsí. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni nígbà tó lọ."

Bàbá Télọ̀ wo ìyá, ó wo ẹ̀gbà irin tó ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀. "Òun ọgọ́ta, ẹ̀yin ọgọ́ta? A jẹ́ pé ìbejì lẹ̀yin àti ọmọ yín. Èwo ni Táyé nínú yín?"

Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ìbídùn gan-an kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun. Aláàmù mi orí. Kíá, gbogbo ìlà gbé ojú wálẹ̀ bí ẹni tó wá ṣọ̀fọ̀.

Òfin Ọjọ́ Orí ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹni àádọ́rin ọdún ni Olórí Ọdẹ́yalé nígbà tó wọ inú dígí (kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ pé ó kú), ẹni àádọ́rin ọdún náà ló sì jẹ́ títí dòní. Ọmọ kì í ju bàbá lọ. Ẹni tó bá ti fẹ́ pé àádọ́rin, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ á dá a padà sí ọgọ́ta, á sì wá kúnlẹ̀ níwájú dígí, á dúpẹ́ ọdún tí Olórí fi ta á lọ́rẹ. Ẹni tí kò bá kúnlẹ̀ ti pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n Olórí nìyẹn. Ilé Ìsinmi ni wọ́n ń gbé irú wọn lọ. Ẹnikẹ́ni kì í ti ibẹ̀ dé. Aṣọ wọn nìkan ló ń dé, ní fífọ̀, ní lílọ̀.

Ohun tó sì ń jí Ìbídùn lójú oorun ni pé ẹ̀gbọ́n Olórí ni Ìyá Àgbà í ṣe lóòótọ́. Agbo ilé kan náà ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, ní Òkè-Ọ̀sà yìí. Nígbà tí ìyá Olórí bá ń lọ sóko, ẹ̀yìn Àríńpé, ọmọbìnrin yàrá kejì, ló máa ń gbé ọmọ rẹ̀ sí. Àríńpé ló ń pọ̀n ọ́n, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń nu ikun imú rẹ̀. Àríńpé náà ló wá di Ìyá Àgbà, tó sá lọ jókòó sí abà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òfin náà jáde, títí ọkọ̀ funfun fi dé abà, tí wọ́n fi ẹ̀gbà sí i lọ́wọ́, tí wọ́n ní kó wá kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣèlérí fún mi o," ni Ìbídùn tún sọ sí i létí. "Ẹ ó kúnlẹ̀."

"Mo ní màá kúnlẹ̀. Eegun lásán ni orúnkún. Nítorí tìẹ ni màá fi kúnlẹ̀, kì í ṣe nítorí tirẹ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí.

Ọ̀gbẹ́ni Kúforíjì, olùtọ́jú Ilé Ìrántí, ló pàdé wọn. Ọkùnrin tíńrín ni, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń ro. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ Olórí. Ẹ bọ́ bàtà. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ fi ọkàn kan gbogbo rẹ̀."

Ilé náà, agbo ilé àtijọ́ ọ̀hún gan-an, kò tóbi: yàrá mẹ́ta tó yí àgbàlá kékeré kan ká. Wọ́n ti fi amọ̀ tuntun rẹ́ ara rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà kùn ún kó lè rí bí ti àtijọ́. Ìbídùn rí i pé ojú Ìyá Àgbà ti yí padà. Ó ń tú igun ilé wò bí ẹni tó ń wá ohun tó sọ nù.

"Abọ́ yìí," ni Kúforíjì wí, ó na ọwọ́ sí abọ́ tánganran kan tí iná tàn yí ká, "òun ni Olórí fi ń jẹun nígbà èwe. Ẹ wo bó ṣe mọ níwọ̀n. Láti kékeré ni kì í ti í ṣe wọ̀bìà."

"Abọ́ ajá nìyẹn," ni Ìyá Àgbà wí.

Ìbídùn bú sí ikọ́. Ó wúkọ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Bàbá Télọ̀ náà bá a wúkọ́ díẹ̀, olóore èèyàn. Lókè àjà, aláàmù yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kò rí ọ̀rọ̀ náà mú.

"Eruku ni," ni Ìbídùn wí. "Ẹ má bínú, sà."

Kúforíjì wò ó. Ojú ọkùnrin náà kò burú; ẹ̀rù ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. "Ẹ mójú tó ìyá," ló rọra sọ. "Ọmọ márùn-ún ló wà nílé mi."

Wọ́n kọjá níwájú bẹ́ẹ̀dì onírin tí wọ́n ní orí rẹ̀ ni wọ́n bí Olórí sí. Ìyá Àgbà tẹ Ìbídùn lọ́wọ́, ó fi àgbọ̀n júwe ilẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ìbídùn mọ ohun tó ń wí. Ẹní ló wà níbẹ̀ láyé ọjọ́un, wọ́n sì máa ń so ewúrẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Wọ́n dé yàrá kẹta. Ibẹ̀ tutù. Dígí kan ló gba gbogbo ògiri kan, láti ilẹ̀ dé àjà. Olórí Ọdẹ́yalé sì wà nínú rẹ̀. Ó jókòó lórí àga ńlá, agbádá funfun lọ́rùn rẹ̀, fìlà rẹ̀ gún régé. Ó ń mí. Ìbídùn kò rò pé yóò máa mí.

"Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín kí ẹ tó kúnlẹ̀," ni Kúforíjì wí. Ibi tó fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyí, ó hàn lójú rẹ̀. "Kì í ṣe àwòrán sinimá nìyí o. Ọdún méje gbáko kí Olórí tó wọ dígí ni wọ́n fi kó ohùn rẹ̀, ìwà rẹ̀, ìrántí rẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀, títí dé bó ṣe ń sín, sínú ẹ̀rọ yìí. Kò sí ìjọba kankan tó gbọdọ̀ tún un ṣe; òun fúnra rẹ̀ ló fi òfin dè é bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan náà ló sì wà ní gbogbo Ilé Ìrántí orílẹ̀-èdè yìí. Bó bá rẹ́rìn-ín níbí, ó rẹ́rìn-ín ní Àbújá. Ohun tó bá wí, òfin ni. Ohun tó bá ṣe, òótọ́ ni."

Bàbá Télọ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó na gbalaja. Olórí fi ojú wò ó láti òkè.

"Mo fi ọdún mẹ́wàá ta ọ́ lọ́rẹ, ọmọ mi. Lò ó dáadáa."

"Ẹ ṣé, Baba." Ohùn Bàbá Télọ̀ gbẹ; àwàdà ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde, ó lọ dúró sẹ́bàá ògiri.

"Ìyá, ó kàn yín."

Ìbídùn mú un lọ síwájú. Ó ń tẹ èjìká rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń rán igi tútù létí pé ó yẹ kó tẹ̀. Ìyá Àgbà gbé ojú sókè. Ó wo ọkùnrin inú dígí náà, ó wò ó pẹ́. Orúnkún rẹ̀ ti fẹ́ ká kò. Ìbídùn rí i, Ọlọ́run gbọ́, ó ti fẹ́ ká kò.

"Súnmọ́ mi, ọmọ mi," ni Olórí wí.

Ìyá Àgbà dúró ṣinṣin.

"Ọmọ ta ni? Àkànó, èmi lò ń pè lọ́mọ?"

"Ìyá Àgbà!"

Kò gbọ́ ọ. Ohùn tí Ìbídùn kò gbọ́ rí ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn ọmọbìnrin tó ń tan ọmọ jòjòló. "Àkànó, ọmọ tí í sunkún nítorí ẹ̀kọ, tí í rẹ́rìn-ín nítorí ẹ̀kọ. Àkànó, a-tọ̀-sí-mi-lẹ́yìn lójú ọ̀nà odò. Ìwọ ló di báyìí? Tí wọ́n gbé sínú dígí bí ẹja? Ta ló ń wẹ̀ ọ́ báyìí, Àkànó?"

Aláàmù àjà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ti ara ògiri bẹ̀rẹ̀. Ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń mì í, wọn kò dákẹ́, ìró irin wọn ń dún gbáu-gbáu bí ẹni ń fi ṣíbí lu abọ́. Kúforíjì di ara ògiri mú. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó di ìdí ìró ìyá rẹ̀ mú, ó ń fà á wálẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Nígbà náà ni ẹ̀rín àṣẹ kúrò lẹ́nu Olórí. Ó ṣẹ́jú. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti òkèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi?" ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi Àríńpé?"

Ó dìde lórí àga. Ó ká agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó ṣí fìlà, ó sì na ara rẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ inú dígí, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kanlẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi."

Gbogbo aláàmù dúró. Orí wọn há sí agbedeméjì, wọn kò lọ sókè, wọn kò wá sílẹ̀. Òfin ní kò sí ẹni tó ju Olórí lọ. Òfin sì ní ohun tí Olórí bá ṣe, òótọ́ ni.

"Yé," ni Bàbá Télọ̀ wí. Ó rọra ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti pa ara rẹ̀ dé.

"Baba," ni Kúforíjì ń bẹ̀ ẹ́, "Baba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde." Olórí kò mira. "Baba, ilẹ̀ lẹ wà níbẹ̀ o. Baba!"

Ohùn obìnrin kan bú jáde láti inú àjà. "Kúforíjì! Kí lẹ fún Baba jẹ níbẹ̀?"

"Ọ̀gá, mi ò—"

"Gbogbo Ilé Ìrántí ni Baba ti dọ̀bálẹ̀! Nílé ìgbìmọ̀, àwọn aṣòfin ti dọ̀bálẹ̀ tẹ̀lé e, ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tí wọ́n ń kí. A ti pa ẹ̀rọ, a tún un tàn. Bó ṣe tàn, lórí ìdọ̀bálẹ̀ náà la tún bá a. Kí ló fẹ́?"

Kúforíjì wo Ìyá Àgbà. Ó wo ilẹ̀. Ilé tó dára ni wọ́n ti tọ́ òun náà, ó mọ ohun tó fẹ́. "Ọ̀gá, ẹ̀kọ́ ilé ni," ló wí. "Ọmọ kì í dá dìde níwájú àgbà. Àgbà ló máa súre fún un, tó máa ní kó dìde."

Nígbà tí ohùn náà padà dé, wọ́n ti fi oyin sí i.

"Ìyá wa, ẹ kú àárẹ̀ o. Àwa ọmọ yín ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ní kí Baba dìde. Àwọn ọmọ wa ti wà níta pẹ̀lú ọkọ̀. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ tán, wọn á gbé yín lọ síbi tí ẹ ó ti sinmi dáadáa."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń sinmi.

Ìyá Àgbà kò fọkàn sí ohùn àjà rárá. Ọmọ tó nà sílẹ̀ ló ń wò. "Ó ti pẹ́ nílẹ̀," ló wí, àánú bo ojú rẹ̀. "Àyà rẹ̀ kì í gba òtútù láti kékeré. Ó tó, Àkànó. Ọlọ́run á—"

"Ẹ má sọ ọ́!"

Gbogbo wọn yíjú. Ìbídùn fúnra rẹ̀ kò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun lòun kígbe. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?" ni ohùn àjà bèèrè.

Ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ó fi tipátipá gbé e. "Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n Olórí ni mí, mà."

Kò sí aláàmù tó mi orí.

"Ilé la fẹ́ máa lọ," ni Ìbídùn wí. "Kí ọkọ̀ yín lọ. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé wa. Bí inú Ìyá Àgbà bá dùn, wọ́n á sọ ọ́ fún un. Bí ẹ bá bí wọn nínú, bí ẹ bá gbé wọn lọ síbì kankan..." Ó di ọwọ́ Ìyá Àgbà mú. "Bí nǹkan bá ṣe wọ́n, mà, ta ni yóò gbé Baba dìde?"

Ìbídùn ń gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń mí lókè àjà, ó sì ń gbọ́ ariwo àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, tí ọ̀kan ń pariwo pé kí wọ́n ṣáà ṣe nǹkan kan. Kúforíjì ti fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Bàbá Télọ̀ ń sọ nǹkan sínú, bóyá àdúrà ni.

Ilẹ̀kùn ṣí.

Oòrùn wọlé. Ní ìta, àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun méjì dúró ti ọkọ̀ wọn, wọ́n yà sọ́tùn-ún yà sósì, ọwọ́ wọn sì wà lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan ohun tó fẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká lọ, Ìyá Àgbà. Ẹ má wẹ̀yìn."

"Ká fi ọmọ sílẹ̀ nílẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó fi apá gbá a mọ́ra, ó ń tì í lọ jẹ́jẹ́. Bí wọ́n ṣe ń lọ ló ń rò ó. Bí ìyá yìí bá sọ gbólóhùn kan péré, tán ni: Baba á dìde, ọkọ̀ funfun á dé. Ó lè sọ ọ́ níbikíbi tí aláàmù bá wà, aláàmù sì wà níbi gbogbo. Ó lè sọ ọ́ lójú àlá. Ó lè sọ ọ́ níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, láìronú, bí gbogbo àgbà ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo ọmọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ni. Lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń sọ ọ́. Òun Ìbídùn ni yóò wá máa ṣọ́ ọ kó má bàa súre mọ́.

Ní ẹnu ọ̀nà gan-an, Ìyá Àgbà yíjú padà. Ó rí Olórí níbi tó nà sí nínú dígí, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ wà ní gbangba, bí ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí fún.

"Àkànó," ló pè é. "Ó tó, ọmọ mi. Dì—"

Ìbídùn fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ bo àgbà lẹ́nu. Bàbá rẹ̀ ì bá kọ̀ ọ́ lọ́mọ nítorí rẹ̀. Ìyá Àgbà wò ó láti òkè ọwọ́ náà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò bínú, ẹnu ló yà á, bí ẹni tí ọmọ tí kò mọ̀ rí gbá mú lọ́jà. Ìbídùn kò gbé ọwọ́ kúrò. Ó fẹ̀yìn rìn jáde pẹ̀lú rẹ̀ sínú oòrùn, àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun ń wò wọ́n, gbogbo ìlà ń wò wọ́n, ètè ìyá arúgbó náà sì ń mira lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbóná, ó lọ́rinrin, ó ṣì ń súre.